Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àwọn Irinṣẹ́ Tí Wọ́n Fi Ń Yí Àbùdá Ọkà Padà

Láti ìgbà tí ìròyìn àgbàdo TELA, èyí tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, ti dé etí àwọn àgbẹ̀ wa ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán ni ìbéèrè kò ti dáwọ́ dúró. Àwọn kan ń béèrè bóyá abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gún àgbàdo náà. Àwọn mìíràn gbọ́ pé ìbọn ni wọ́n ń yìn sí i, ọ̀rọ̀ ìbọn náà kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwọn irinṣẹ́ yẹn ni ojú ìwé yìí dá lé lórí: ohun tí wọ́n jẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí agbára wọn mọ. Ọkà tí a ní lọ́kàn ni àgbàdo, ìrẹsì, ọkà bàbà, àlìkámà àti báálì.

Kí gan-an ni wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ń yí àbùdá ọkà padà?

Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí ó para pọ̀ di igi àgbàdo, ni DNA wà, orí DNA yìí sì ni àwọn jíìnì tò sí, àwọn tí ń pàṣẹ àwọ̀ tí hóró yóò ní, bí pòròpórò yóò ṣe ga tó àti àkókò tí àgbàdo yóò gbó. Yíyí àbùdá padà ni kí a mú jíìnì kan tàbí méjì tí a mọ iṣẹ́ wọn dájú, kí a fi wọ́n sínú DNA sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, kí a sì tọ́jú sẹ́ẹ̀lì yẹn títí tí yóò fi di odidi igi tí ń so, tí irúgbìn rẹ̀ yóò sì máa gbé jíìnì tuntun náà lọ láti ìran dé ìran.

Iṣẹ́ méjì ni èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa rò pé ọ̀kan ni. Fífi jíìnì wọlé ni èkíní, mímú kí sẹ́ẹ̀lì tí ó gbà á di igi ni èkejì. Nínú ọkà, èkejì yìí gan-an ló ń gba ènìyàn lákòókò, tí ó sì ń tán owó. Ẹni tí ó bá di èyí mú yóò lóye ìdí tí àwọn irinṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn fi rí bí wọ́n ṣe rí.

Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni àwọn bàbá wa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ṣa irúgbìn?

Rárá o. Àgbẹ̀ tí ó bá ya ṣírí ọkà bàbà tí ó dára jù sọ́tọ̀ ń yàn láàárín ohun tí ó ti wà nílẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo kan sórí irun àgbàdo mìíràn ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún jíìnì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀nà tuntun ti lé ti àtijọ́ lọ, nítorí pé gbogbo igi tí wọ́n bá yí àbùdá rẹ̀ padà nínú yàrá ìwádìí ni yóò tún padà sọ́wọ́ ẹni tí ń fi irú kan gba irú mìíràn kí ó tó di irúgbìn tí àgbẹ̀ lè gbìn.

Irinṣẹ́ mélòó ni ó wà?

Méjì ló gbajúmọ̀: bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Agrobacterium, àti ìbọn jíìnì. Ẹ̀kẹta wà tí ó ṣáájú wọn nínú iṣẹ́ ọkà. Wọn a fi ẹ́ńsáìmù, ohun tí ń tú nǹkan sí wẹ́wẹ́, jẹ ara òde sẹ́ẹ̀lì kúrò títí tí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi wà níhòòhò, wọn a sì fi kẹ́míkà tàbí iná mọ̀nàmọ́ná tí kò pẹ́ rárá la ọ̀nà fún DNA láti wọlé. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi rí ìrẹsì àti àgbàdo àkọ́kọ́ tí àbùdá wọn yí padà ní ọdún 1988. Àgbàdo náà hù, ó dàgbà, ṣùgbọ́n kò lè so, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tí a bá bọ́ sí ìhòòhò kì í fẹ́ padà di igi tí ó pé.

Báwo ni bakitéríà ṣe lè fi jíìnì sínú igi?

Iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe fúnra rẹ̀ nínú ilẹ̀ kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n ni. Agrobacterium tumefaciens máa ń wọ igi láti ojú ọgbẹ́, lẹ́yìn náà kókó ńlá a wú níbẹ̀. Ní ọdún 1977, Mary-Dell Chilton àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ohun tí ń fa kókó náà ni pé bakitéríà yìí ń ti apá kan DNA tirẹ̀ bọ inú DNA igi. Orí òrùka DNA kan tí wọ́n ń pè ní Ti plasmid ni apá yẹn wà, ààlà méjì ló sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá wà láàárín ààlà méjèèjì ni bakitéríà yóò gbé wọlé, kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn onímọ̀ wá yọ jíìnì tí ń fa kókó kúrò láàárín ààlà náà, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1983, ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù ti fi ọ̀nà yìí yí àbùdá tábà àti àwọn igi bíi tirẹ̀ padà.

Kí ló dé tí ó fi ṣòro lára ọkà nígbà yẹn?

Nígbà tí tábà bá fara gbọgbẹ́, omi kan máa ń sun láti ojú ọgbẹ́ náà, kẹ́míkà tí ó wà nínú omi yìí ló sì ń jí àwọn jíìnì tí bakitéríà fi ń ṣiṣẹ́. Ojú ọgbẹ́ àgbàdo tàbí ìrẹsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bakitéríà náà kì í wọ ọkà nínú oko, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà fún ìgbà pípẹ́ pé kò ní í ṣeé ṣe láéláé.

Ilé iṣẹ́ Japan Tobacco ní ilẹ̀ Jàpáánù ni ó fi òpin sí àríyànjiyàn yẹn. Hiei àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ wọn lórí ìrẹsì jáde ní ọdún 1994, Ishida àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé ti àgbàdo jáde ní ọdún 1996. Báálì àti àlìkámà tẹ̀lé e ní ọdún 1997, ọkà bàbà ní ọdún 2000. Wọ́n bu kẹ́míkà tí ń jí bakitéríà, acetosyringone, sínú oúnjẹ tí wọ́n fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì fi kún agbára àwọn jíìnì tí bakitéríà fi ń ṣiṣẹ́. Wọn kò mú ewé tàbí igi tí ó ti dàgbà. Ọlẹ̀ inú hóró tí kò tíì gbó ni wọ́n lò fún àgbàdo, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹran ara tuntun tí ó yọ láti ara hóró ni wọ́n lò jù fún ìrẹsì. Ní tèmi, yíyan ẹran ara tí ó tọ́ yìí ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n ṣe sí bakitéríà lọ.

Ohun kan wà tí ó kan àwa tí a ń gbé nínú ooru. Bakitéríà náà kì í lè ti DNA wọlé dáadáa bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi digírì 28, bẹ́ẹ̀ ni ọlẹ̀ àgbàdo àti bakitéríà gbọ́dọ̀ jọ wà pọ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta ní ibi tí ó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mọ bí Ìlọrin ṣe máa ń rí ní oṣù Kẹta yóò mọ̀ pé fáàǹù kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Àpótí tí ń mú nǹkan tutù ni yóò ṣe é, iná tí kò ní í ṣẹ́jú sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àpótí náà. A ti rí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tí ó bàjẹ́ ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo nítorí pé dísù tán nínú jẹnẹrétọ̀.

Ìbọn jíìnì ńkọ́? Ṣé ìbọn lóòótọ́ ni?

Ìbọn lóòótọ́ ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. John Sanford àti Edward Wolf ni wọ́n ṣe é ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1980, ẹ̀tù ni wọ́n sì fi ń yìn ín. Ní ọdún 1987 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn fi hóró irin tungsten tó kéré jọjọ gbé DNA wọ inú sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà. Lónìí, gáàsì hílíọ̀mù ló gba ipò ẹ̀tù, wúrà sì gba ipò tungsten.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Wọn a fi ọtí líle fọ lẹ́búlẹ́bú wúrà tí hóró rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, wọn a sì fi kẹ́míkà méjì, calcium chloride àti spermidine, mú kí DNA lẹ̀ mọ́ ọn. Wọn a tẹ́ wúrà náà sórí ike pelebe kan, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ. Ọlẹ̀ ọkà yóò wà nísàlẹ̀ nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí atẹ́gùn má baà dí wúrà lọ́wọ́. Gáàsì yóò máa kóra jọ lẹ́yìn ike tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn títí tí ike yẹn yóò fi bẹ́ páà. Agbára rẹ̀ yóò ti ike oníwúrà náà siwájú, irin alájọ̀ yóò dá ike dúró, wúrà nìkan ni yóò sì kọjá lọ wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni yóò kú. Nínú àwọn tí ó yè, ìwọ̀nba díẹ̀ ni DNA yóò wọ DNA tiwọn.

Ìbọn yìí ló kọ́kọ́ fún wa ní àgbàdo tí àbùdá rẹ̀ yí padà tí ó sì lè so, ní ọdún 1990. Àlìkámà tẹ̀lé e ní ọdún 1992, ọkà bàbà ní ọdún 1993.

Èwo ló dára jù nínú méjèèjì?

Bí irú ọkà tí ẹ ní lọ́wọ́ bá gba Agrobacterium, òun ni kí ẹ lò. Ó sábà máa ń fi ẹ̀dà jíìnì kan tàbí méjì péré sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ a sì pé. Ìbọn lè kó ẹ̀dà púpọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn kan já sí wẹ́wẹ́, igi náà sì lè pa jíìnì tí ó bá pọ̀ jù lẹ́nu mọ́, tí kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́ bó tilẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ìbọn kì í béèrè irú igi tí ó wà níwájú rẹ̀, nítorí náà ó wúlò fún irú ọkà tí bakitéríà kò fẹ́. Owó rẹ̀ ni wàhálà, pàápàá gáàsì hílíọ̀mù.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọlẹ̀ inú hóró tútù ni wọ́n ń lò?

Ìdí ni pé sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò tíì pinnu ohun tí yóò dà. Ewé àgbàdo tí ó ti gbó kò ní í di igi mọ́ ohun yòówù tí ẹ bá ṣe fún un, ó sì yàtọ̀ sí tábà ní ti èyí.

Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá lẹ́yìn tí lẹ́búlẹ́bú bá ti bà sórí irun àgbàdo ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ. Àgbàdo náà kò tíì tó èyí tí àwọn ìyá wa ń sè tà létí títì, omi ló kún inú hóró rẹ̀. Wọn a bó o, wọn a rì í sínú omi jíìkì kí ohun aláìfojúrí orí rẹ̀ lè kú, wọn a fi abẹ lílè bẹ́ orí àwọn hóró náà lọ ní ìlà-ìlà. Wọn a wá ti ẹnu irin pelebe kan bọ ẹ̀gbẹ́ hóró kí ọlẹ̀ lè yọ́ jáde. Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà kan àti ààbọ̀ sí méjì lọ. Ó ní ẹ̀gbẹ́ tí ó tẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ tí ó yọ gọngọ. Èyí tí ó tẹ́, tí èéhù ti máa ń jáde, ni wọ́n ń da bolẹ̀, èyí tí ó yọ ni yóò kọjú sókè. Bí ẹ bá yí i padà, yóò hù ni, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ tí kò gbọ̀n ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó tíì gba ipò rẹ̀ pátápátá.

Inú oúnjẹ tí wọ́n gbé ọlẹ̀ sí ni 2,4-D wà, oògùn apako kan náà tí àwọn àgbẹ̀ wa ń rà ní ṣọ́ọ̀bù láti fín oko àgbàdo. Bí ó bá pọ̀, ó ń pa èpò. Bí ó bá jẹ́ mìlígíráàmù méjì péré nínú lítà kan, ó ń mú kí ọlẹ̀ wú di ẹran ara tuntun tí wọ́n ń pè ní kálọ́ọ̀sì. Inú òkùnkùn ni kálọ́ọ̀sì yóò wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó gbé e bọ́ sí ìmọ́lẹ̀ láti yọ ewé àti gbòǹgbò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì wọ̀ láàárín àìmọye tí kò wọ̀?

Wọn a fi jíìnì kejì bá ti àkọ́kọ́ rìn, èyí tí yóò dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ oògùn kan. Bí wọ́n bá bu oògùn náà sínú oúnjẹ, èyí tí kò ní jíìnì yóò kú. Jíìnì tí ń gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ oògùn hygromycin ni wọ́n ń lò jù fún ìrẹsì. Èyí tí wọ́n ń pè ní bar ń gbà á lọ́wọ́ oògùn apako glufosinate. Jíìnì kan sì wà tí ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè jẹ ṣúgà mannose, tí àwọn yòókù yóò fi máa kú fún ebi. Fún ìdánwò kíákíá, jíìnì GUS wà, tí ń sọ ibi tí ó bá wọ̀ di aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn tí wọ́n bá rì í sínú omi kẹ́míkà kan.

Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù jíìnì kejì yìí. Ó ṣeé yọ kúrò: bí jíìnì méjèèjì bá wọlé sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ọmọ igi náà yóò pín wọn, a ó sì mú ọmọ tí ó gba ti àkọ́kọ́ nìkan.

Ṣé a lè ṣe é fún irú àgbàdo tàbí ọkà bàbà tiwa?

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀gún wà. Irú kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Nínú báálì, Golden Promise ni gbogbo ayé ń lò. Nínú àlìkámà, Fielder àti Bobwhite. Nínú ìrẹsì, Nipponbare. Nínú ọkà bàbà, Tx430. Kì í ṣe pé wọ́n so ju àwọn yòókù lọ lóko, bí kò ṣe pé kálọ́ọ̀sì wọn gbà láti tún di igi. Ọ̀pọ̀ irú tí àgbẹ̀ fẹ́ràn kì í gbà. Nítorí náà, wọn a fi jíìnì sínú èyí tí ó gbà, wọn a sì fi ọdún púpọ̀ máa fi irú tí àgbẹ̀ fẹ́ gbà á léraléra títí tí ìwà ti àkọ́kọ́ yóò fi tán lára rẹ̀.

Ìrètí tuntun wà láti ọdún 2016. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ DuPont Pioneer fi hàn pé bí a bá fi jíìnì méjì tí ń jẹ́ Baby boom àti Wuschel2 kún ohun tí a fi wọlé, irú àgbàdo tí ó ti ń kọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò gbà láti tún di igi. Ní ọdún 2020, àwọn mìíràn so jíìnì GRF4 àti GIF1 pọ̀, àlìkámà sì yọ ewé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì. Bí ẹ bá bi mí, ìtẹ̀síwájú yìí tóbi ju ọ̀pọ̀ èyí tí ìwé ìròyìn ń pariwo rẹ̀ lọ, nítorí pé iṣẹ́ èkejì, mímú kí sẹ́ẹ̀lì di igi, ni ó kàn.

CRISPR ńkọ́? Ṣé kò ti gba ipò gbogbo ìwọ̀nyí?

Kò gbà á. CRISPR-Cas9, tí Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna gba ẹ̀bùn Nobel fún ní ọdún 2020, ń gé DNA igi ní ojú ibi tí a bá yàn, kí jíìnì kan lè dákẹ́ tàbí kí ó yí padà díẹ̀. Ní ọdún 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó lára ìrẹsì àti àlìkámà. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, Agrobacterium tàbí ìbọn ni yóò sì gbé e wọlé, lẹ́yìn náà sẹ́ẹ̀lì yẹn gbọ́dọ̀ di igi.

Ohun tí ó lè ṣe fún wa pọ̀. Ẹ wo koríko olódòdó tí ń fi gbòǹgbò mu omi ara ọkà bàbà àti àgbàdo, tí wọ́n ń pè ní Striga. Gbòǹgbò ọkà ló ń tú kẹ́míkà tí ń jí irúgbìn koríko náà. Àwọn irú ọkà bàbà kan wà tí jíìnì LGS1 wọn kò ṣiṣẹ́. Kẹ́míkà tí wọ́n ń tú jáde yàtọ̀, irúgbìn Striga kì í sì í jí dáadáa nítòsí wọn. Pípa jíìnì kan ṣoṣo lẹ́nu mọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí CRISPR mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣé ọkà bẹ́ẹ̀ ti dé oko ní Nàìjíríà?

Ó ti dé. Àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, NBMA, tí òfin ọdún 2015 dá sílẹ̀, fọwọ́ sí àgbàdo TELA ní ọdún 2021, ìjọba sì kéde pé àgbẹ̀ lè gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR ní Sàmàrú, Zaria, àti AATF, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ni wọ́n jọ ṣe é. Orúkọ àwọn irú náà bẹ̀rẹ̀ láti SAMMAZ 72T dé 75T. Apá kan nínú jíìnì rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ nígbà ọ̀dá, apá kejì ń pa kòkòrò tí ń lu pòròpórò àti ìdin fall armyworm tí ó wọ ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2016. Agrobacterium ni wọ́n fi kó àwọn jíìnì náà wọlé.

Ẹ má ṣe gbìn ín nìkan ṣáá o. Ẹ fi apá kan oko sílẹ̀ fún àgbàdo lásán, kí àwọn kòkòrò tí ó bá yè lára TELA má baà máa gun ara wọn nìkan títí tí gbogbo ọmọ wọn yóò fi borí rẹ̀. Àgbàdo háíbíríìdì, èyí tí a fi irú kan gba irú mìíràn kí a tó rí, sì ni. Ẹni tí ó bá tún gbin hóró rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e yóò rí i pé kò so tó ti àkọ́kọ́.

Ṣé kò sí jíìnì ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀?

Wọ́n máa ń bi wá léèrè èyí ní Ìlọrin ju ibikíbi lọ. Kò sí. Inú bakitéríà ilẹ̀ ni wọ́n ti mú àwọn jíìnì TELA tí ń ṣiṣẹ́ ọ̀dá àti ti kòkòrò: Bacillus subtilis fún ọ̀dá, Bacillus thuringiensis fún kòkòrò. Bacillus subtilis yìí náà ló wà lára àwọn tí ń mú kí irú tí a fi ń se ọbẹ̀ wú tí ó sì ń fún un ní òórùn rẹ̀. Ìdájọ́ ẹ̀sìn lórí rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn àáfà àti pásítọ̀ wa. Àwa sọ ibi tí jíìnì ti wá ni.

Ṣé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kò ní í fò wọ oko ẹlòmíràn?

Ó sinmi lé irú ọkà tí ẹ ń sọ. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú àgbàdo kiri, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tí ń ṣe irúgbìn fi ń jìnnà síra wọn tó mítà 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi ìrẹsì tàbí àlìkámà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gba lẹ́búlẹ́bú ti ara rẹ̀. Ọkà bàbà ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù: ilẹ̀ Áfíríkà ni orírun rẹ̀, àwọn ìbátan rẹ̀ ṣì ń hù nínú igbó, wọ́n sì lè gba lẹ́búlẹ́bú rẹ̀. Jíìnì tí ó bá sọ ọkà bàbà di alágbára lè bọ́ sára èpò. Èrò mi ni pé kí a má ṣe fi irú jíìnì tí ń gba igi lọ́wọ́ oògùn apako sínú ọkà bàbà ní apá ibí yìí rárá.

Mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin, Màlété tàbí Òmù-Àrán. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kálọ́ọ̀sì, kì í ṣe láti orí jíìnì. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti yí àbùdá ohun ọ̀gbìn padà láìgba ìwé àṣẹ NBMA, àní nínú yàrá títì pàápàá, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí ẹ má tọ́ kálọ́ọ̀sì. Ìrẹsì ló rọrùn jù nítorí pé hóró rẹ̀ tí ó ti gbó ń ṣiṣẹ́, kò sí pé à ń dúró de ṣírí tútù. Ẹ bó èèpo rẹ̀ láì dá hóró náà lọ́gbẹ́, ẹ fi ọtí líle àti jíìkì fọ̀ ọ́, ẹ fi omi tí a ti sè ní ìtẹ̀ gíga ṣan án ní àṣantúnṣan, kí ẹ sì gbé e sórí oúnjẹ tí ó ní 2,4-D nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: kálọ́ọ̀sì tí ó pọ́n rúsúrúsú díẹ̀, tí ó le, tí ó rí kókó-kókó, ni ó ṣeé lò, èyí tí ó rọ̀ tí ó sì ń ṣomi, ẹ dà á nù.